Pupa Tó Wà Nílé Aró Fidencio

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Fidencio àbúrò mi ṣì wà láàyè. Hermelinda ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, ajá wọn olójú kan wà láàyè, igi ọsàn wẹ́wẹ́ àárín àgbàlá mi náà kò tíì gbẹ. Ardith Kessel pàápàá wà láàyè, títí di ìdájí ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Gríńgò, ìyẹn òyìnbó Amẹ́ríkà, ni Ardith, olùkọ́ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lókè lọ́hùn-ún. Lọ́dọọdún, nígbà òjò wa, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ tiwọn, òun àti Warren Tolliver, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ wá sí San Melitón, abúlé wa. Ilé mi ni wọ́n ń wọ̀ sí. Èmi ni mò ń se oúnjẹ wọn. Tolliver ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè wa, Ardith ń kọ́ wọn ní aṣọ híhun àti aró, nínú ilé aró Fidencio tó wà lẹ́yìn ilé mi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn olùkọ́ méjèèjì á gun orí òrùlé pẹlẹbẹ, wọ́n á máa fi èdè wọn ṣètò iṣẹ́ ọjọ́ kejì.

Inú kòkòrò kéékèèké tó ń gbé lára orọ́ ni aró àbúrò mi ti ń jáde. A ó sá a gbẹ, a ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, á sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Bí Fidencio bá fẹ́ jẹun, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọwọ́, pupa ọwọ́ rẹ̀ á sì yí di àwọ̀ ẹyín iná lójú ẹsẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pariwo bí ẹni rí idán. Ohun tí Ardith fẹ́ràn jù láti fi hàn wọ́n nìyẹn. Àwọn ọmọ á fi aró kun ara wọn láṣọ, wọ́n á fún ọsàn sí i, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ikú Ardith, níbi tó ti ń kọ́ wọn, ó fún ọsàn sínú odidi ìkòkò aró kan. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni í. Fidencio jágbe mọ́ ọn.

"Ìyáàfin! Òwú aṣọ ìyàwó ni mo fẹ́ rẹ sínú ìkòkò yẹn! Ilé ìwé lẹ pe ibí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Don Fidencio, ẹ má bínú. Màá bá yín lọ òmíràn."

"Pẹ̀lú ọwọ́ wo? Ọwọ́ yín tó rọ̀ bíi búrẹ́dì yìí?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ardith náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò gbọ́ igbe àbúrò mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nídìí ààrò, mò ń po ṣokoléètì. Òjò ń ṣẹ̀. Fidencio wọlé wá, pupa bò ó láti àyà dé orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "olùkọ́ obìnrin ti kú."

Mo gbọ́. N kò dẹ́kun ṣokoléètì pípò. Mo pò ó títí ó fi hó, mo dà á sínú àwọn ife, mo ka ti Ardith mọ́ ọn.

Ẹ̀gbẹ́ ọlọ ilé aró ni Ardith dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Ọmọ ọlọ wà nínú ọpọ́n omi, ẹnìkan ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Don Cástulo, olórí ọlọ́pàá abúlé wa, wo aṣọ Fidencio lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìlú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fóònù. Wọ́n ní kí gbogbo wọn máa bọ̀ nílé, bọ́ọ̀sì á wá kó wọn lọ́sàn-án. Cástulo ní bí bọ́ọ̀sì yẹn bá ti lọ, ọkọ̀ ọlọ́pàá á gbé àbúrò mi lọ sí ẹ̀wọ̀n ìlú ńlá. Ará abúlé wa tó bá wọ ibẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni í dàgbà kó tó jáde.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá láti ìlú ńlá, Eleuterio Mijangos ni orúkọ rẹ̀. Èèyàn kúkúrú ni, ó ń wúkọ́. Ó wo ilé aró yíká, ó wo ọpọ́n omi, ó wá jókòó nídìí tábìlì mi, lórí àga Ardith, nítorí pé òun ló ṣófo.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti mú ẹnìkan, Don Cástulo," ó ní.

"Kí la tún ń wá, ọ̀gá? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Àjẹ́ tó ké, gbogbo yín lẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tí kò ké lèmi ń wá. Màmá, ẹ fún mi ní ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀."

Mo rò pé ó fẹ́ fún un sínú ọbẹ̀ ẹ̀wà ni. Ó kó o sápò.

Ní yàrá tí wọ́n ti Fidencio mọ́, ó ní kó bọ́ aṣọ rẹ̀.

"Ṣé o fara kan obìnrin náà?"

"N kò kàn án, ọ̀gá. Bí mo ṣe rí i, ìkòkò tó wà lọ́wọ́ mi bọ́, ó dà sí mi lára. Mo sá jáde."

"O mọ̀ pé ó máa wà níbẹ̀?"

"Báwo ni màá ṣe mọ̀? Èmi nìkan ni mo máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀gá, lóòótọ́ ni mo jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ò bá fẹ́ràn kọ́ là ń bá wí."

Mijangos tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ǹṣì, ó fún ọsàn sí i láti ọrùn dé etí ìsàlẹ̀. Gbogbo pupa náà yí di àwọ̀ iná, kò ku ibì kan. Cástulo họ orí.

"Òótọ́ ni, aró nìkan ló wà níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò ní kó má pa á," ó ní. "Ó lè ti pààrọ̀ aṣọ."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mi ò fi tíì ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn."

Ó padà sílé mi, ó pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ń sunkún, wọn kò mọ nǹkan kan, àfi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Delaney, tí fèrèsé rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé.

"Àwọn olùkọ́ wa méjèèjì jà lálẹ́ àná," ó ní. "Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan já sínú àfonífojì, kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tolliver ló yẹ kó máa ṣọ́ wọn, àmọ́ ó sọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kessel ló fún ọmọ náà láàyè láti lọ síbẹ̀. Ọmọ náà ti wá sọ òótọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Kessel. Mo gbọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kessel ní, 'Bí a bá ti délé, ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì.'"

"Kí ni ọkùnrin náà wí?"

"Ó kàn ní kó lọ sùn."

Tolliver ló wọlé gbẹ̀yìn. Èèyàn gíga ni, ó ti pá lórí, ó sì máa ń dé fìlà koríko rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Ó bọ̀wọ̀ fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gan-an.

"Ó dùn mí, ọ̀gá. Ará ilé ni Don Fidencio jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìbínú."

"Kí ni obìnrin náà ń wá nílé aró ní ìdájí?"

"Ẹ̀dùn ọkàn ìkòkò tó bàjẹ́ ni. Ó fẹ́ lọ kòkòrò náà kí Fidencio tó jí, kó lè jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un. Bí Ardith ṣe rí nìyẹn."

"Ta ló sọ ọ́ fún?"

"Èmi nìkan. A jọ máa ń ṣètò gbogbo nǹkan."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ dé ilé aró láàárọ̀ yìí?"

"Rárá o. Àná la ti wà níbẹ̀ kẹ́yìn, lẹ́nu ẹ̀kọ́."

A gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ń gbé ẹrù jáde. Hermelinda jókòó sí ẹnu ìloro, kò sunkún, ó ń wo àwọn ẹrù náà bí ẹni ń wo omi tó ń ṣàn.

Mijangos tẹ̀ lé Tolliver wá sí àárín àgbàlá.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wo fìlà yín."

Ó ṣí i fún un. Àbàwọ́n pupa wà lábẹ́ etí fìlà náà níwájú.

"Aró ni," Tolliver ní. Ó fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ yìí náà ńkọ́? Ta ni kò ní in lára?"

Òótọ́ ló sọ. Pupa wà lára gbogbo wọn.

Mijangos na ọsàn kan sí Delaney. "Ọmọ mi, fún un sí apá aṣọ rẹ, bí olùkọ́ rẹ ṣe kọ́ ọ."

Delaney fún un. Apá aṣọ rẹ̀ tàn bí iná. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wá gé òmíràn sí méjì, ó fún un sí abẹ́ fìlà náà. Ó fún un títí omi rẹ̀ fi ń kán sílẹ̀. Àbàwọ́n náà kò tàn. Ó dúdú sí i díẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọsàn máa ń yí aró padà, kì í yí ẹ̀jẹ̀. Ọdọọdún lẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn tó ń kọ́ wọn ní èyí," Mijangos ní. "Ẹ rò pé ilé tí pupa bá ti bo gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó máa wo pupa tiyín. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé ó máa wà níbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́. Òjò ń ṣẹ̀, ẹ dé fìlà lọ. Ẹ sì fọ ọmọ ọlọ. Aláró kì í fọ ọmọ ọlọ láàárín iṣẹ́, nítorí pupa ara rẹ̀ ló fẹ́ lò. Ẹni tó fọ̀ ọ́, nǹkan mìíràn ló ń fọ̀."

Tolliver na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀ bí ẹni pé oòrùn ń pa á. Kò sí oòrùn.

"Mo bẹ Ardith," ó ní. "Mo ní kó dákẹ́ fún mi. Ó kàn ń lọ kòkòrò yẹn lọ ni, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn."

Delaney jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Wọ́n mú ọkùnrin náà lọ. Mo kó àwọn ife, mo fọ̀ wọ́n. Ṣokoléètì inú ti Ardith ti dì.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Fidencio kílẹ̀ tó ṣú. Ó délé, ó jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò kó ọmọ wá mọ́. Àbúrò mi ra ọlọ mìíràn, ṣùgbọ́n èyí tí Ardith ti ń lọ kòkòrò fún un lórí rẹ̀, kò tà á, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀. Nígbà mìíràn màá rí i tó dúró tì í.

Hermelinda ló kọ́kọ́ lọ. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń ṣẹ̀, Fidencio kò jí. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì pọ́n. Mo mú ọsàn wẹ́wẹ́, mo fún un sí i bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń ṣe kó tó jẹun. Ọwọ́ náà yí di àwọ̀ ẹyín iná. Mo nù ún, mo nù ún, kò lọ. Mo ká ọwọ́ méjèèjì lé e láyà, mo sì lọ ro ẹ̀wà tó wà lórí iná.