Wọn Ò Kú, Òtútù Ló Mú Wọn

Ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yìí kò ní ariwo. Bó bá mutí, kì í bú ènìyàn, kì í fọ́ ìgò, kì í ṣubú sí gọ́tà. Á kàn jókòó sórí àga kan náà nínú yàrá rẹ̀, á mu ún títí ojú rẹ̀ á fi dà bí fèrèsé ilé tí wọ́n ti pa iná rẹ̀, á sì sùn. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní ènìyàn jẹ́jẹ́. Ọ̀run kò pè é bẹ́ẹ̀.

Níbi iṣẹ́, Ojú-ò-purọ́ ni orúkọ tí wọ́n fún un. Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ló wà, nídìí awò ńlá tó ń sọ ohun tí ojú lásán kò lè rí di gbàgbà. Bí dókítà bá ń bá a jiyàn, á ní, "Ojú mi kì í purọ́ o." Lóòótọ́, kì í sábà ṣì í.

Nígbà kan rí, ó ń kọrin nínú ìjọ. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé orin ró. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá kòtò, ó ń wo bàtà àwọn ènìyàn. Ẹkún kò wá. Ó retí rẹ̀, kò wá. Nígbà tó yá, kò retí rẹ̀ mọ́. Ó fi orin sílẹ̀, ó fi àdúrà sílẹ̀, ó di ìgò àti sìgá mú. Kì í ṣe pé ó ń bá Ọlọ́run jà. Ẹni tó ń bá ni jà ṣì ń rí tẹni rò. Tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wà nílé àbúrò rẹ̀ obìnrin, àìsàn àyà dá a dùbúlẹ̀. Àbúrò yìí a máa pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá tún bèèrè yín."

"Mo ń bọ̀."

"Mo-ń-bọ̀ yín yìí, ṣé ó ń rákòrò ni? Màmá ò lè dúró dè yín títí o."

"Mo ní mo ń bọ̀."

Á pa fóònù, á sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dun òun. Kò dùn ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ohun tí wọ́n ha nínú imú obìnrin aránṣọ kan wá fún àyẹ̀wò. Láti kékeré ni ikọ́ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í tán láyà rẹ̀. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá irun ọ̀nà èémí rẹ̀ ń mì.

Ìwọ òǹkàwé, o lè máà mọ̀ pé o ní irun yìí. Kì í ṣe irun imú tí à ń rí nínú dígí. Wínníwínní ni, orí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀nà èémí rẹ, láti inú imú lọ dé àyà, ló ti hù bí koríko. Bí àjẹ̀ ọlọ́kọ̀ ojú omi ló ń ṣe: á le gbọnrangandan, á gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè, á wá tẹ̀, á rọra padà sẹ́yìn, á tún gbá. Ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá gba orí pápá kọjá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tó jẹ́ pé ìrù gígùn ni wọ́n ní, wọ́n á máa jù ú bí ejò inú omi, òun ni wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́.

Nínú irun àti ìrù yìí, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni Ẹlẹ́dàá ṣe. Àwọn ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ dúró ní méjì méjì lọ́nà mẹ́sàn-án, wọ́n yí méjì àárín ká. Wọ́n ní apá kéékèèké. Ọ̀kan á na apá mú aládùúgbò rẹ̀, á fà á. Bí kò bá sí ohun tó dè wọ́n pọ̀, wọn ì bá yọ̀ kọjá lára ara wọn lásán. Ṣùgbọ́n nítorí pé a dè wọ́n, fífà yẹn di títẹ̀, títẹ̀ sì di ìrìn. Èéfín sìgá a máa sọ irun yìí di arọ. Òtútù a sì máa dá a dúró.

Àṣà yàrá àyẹ̀wò náà ni pé wọn kì í wo ti aláìsàn nìkan. Òṣìṣẹ́ kan tí ara rẹ̀ dá á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ha inú imú tirẹ̀, wọ́n á fi tirẹ̀ díwọ̀n ti aláìsàn. Ojú-ò-purọ́ ló máa ń yọ̀ǹda imú. "Ara tèmi dá," ló máa ń wí. Wọ́n á fi ohun tí wọ́n ha lára ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí gíláàsì tirẹ̀, wọ́n á sì kọ́kọ́ gbé gíláàsì méjèèjì sórí irin pẹlẹbẹ kan tí iná ń mú lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ènìyàn.

Lọ́jọ́ náà, ó gbé méjèèjì sórí irin, ó jáde lọ mu sìgá. Kò tan iná irin náà. Nígbà tó wọlé, ó wo ti aránṣọ. Irun pé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mì. Ó mú bírò, ó kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé.

"Kí lo rí?" Ìyá Ìbejì ló bèèrè, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, tó sì fẹ́ràn Olúwa.

"Wọ́n ti kú. Àbímọ́ ni. Kò ní gbóògùn." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi bí ti báwo?"

"Gíláàsì tìrẹ. Ṣé o wò ó?"

"Ìyá Ìbejì, kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Ara mi dá."

"Ojú tí kì í purọ́, tí kì í sì í wo ẹni tó ni ín! Wò ó, jàre."

Ó wò ó. Irun tirẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja. Ọ̀kan kò mì.

Ìyá Ìbejì náà tẹjú mọ́ awò. "Ó dáa náà. Bí aránṣọ bá ti kú, ìwọ náà ti kú. Ta ni ká kọ́kọ́ sin?"

Kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà fọwọ́ kan irin, ó tutù bí òkúta odò. Ó tan iná, wọ́n dúró. Nígbà tó yá, irun aránṣọ kan gbọ̀n. Òmíràn tẹ̀lé e. Láìpẹ́, gbogbo rẹ̀ ń gbá, bí pápá tí atẹ́gùn dé bá.

"Wọn ò kú," ni Ìyá Ìbejì wí. "Òtútù ló mú wọn."

Wọ́n gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Ní igun kan, irun díẹ̀ gbérí, bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Ìyókù sùn lọ.

Ojú-ò-purọ́ fa ìwé tó ti kọ ya.

"Ẹ jẹ́ n bi yín. Ẹni tí nǹkan kì í dùn ńkọ́? Mi ò sunkún ìyàwó mi. Màmá mi ń lọ díẹ̀díẹ̀, mi ò tíì lọ wò wọ́n."

"Irun wọ̀nyí, ṣé àwọn ló tan iná fúnra wọn?"

"Rárá."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Kò sí. A kàn gbé wọn síbi tó gbóná."

"Ó tán. Jésù ò ní kó o kọ́kọ́ móoru kó o tó wá. O ti fi ara rẹ ṣe òdiwọ̀n ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ibẹ̀ lo ti ṣìnà. Lọ bá Jésù bó o ṣe tutù yẹn. Lónìí. Lẹ́yìn náà, lọ rí ìyá rẹ."

Láàárín tábìlì àti fíríìjì ló kúnlẹ̀ sí. "Jésù, mi ò mọ nǹkan kan lára. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo pa ìyá mi tì, mo pa Ọ́ tì, ìgò ni mo gbára lé. Gbà mí bí mo ṣe wà."

Mànàmáná kò kọ. Ọkàn rẹ̀ kò gbóná. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó sọ páálí sìgá sínú ike ìdọ̀tí, ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó sì wọ ọkọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. "Mo-ń-bọ̀ ti dé!" ló ké, ó sì yíjú sẹ́yìn kó má baà rí ojú òun.

Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀yìn lé ìrọ̀rí, àyà rẹ̀ ń dún gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀. Ó wò ó títí.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Màmá, mo ti padà sọ́dọ̀ Olúwa."

Ìyá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kọrin fún mi."

Ohùn rẹ̀ ti há. Ikọ́ dá a dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lágbedeméjì ẹsẹ kejì, omi kán sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbójú wo òkè, ó rò pé òrùlé ń jò. Kì í ṣe òrùlé.

Ọ̀rẹ́ mi tó di ìwé yìí mú, ta lo fi ń díwọ̀n ara rẹ? O ní o kì í jalè, o kì í jà, ara rẹ dá. Ṣé o ti wo gíláàsì tìrẹ? Tàbí o ní ọkàn rẹ ti kú, pé Ọlọ́run kò lè rí ohun kan jí níbẹ̀? Má dúró de omijé kó o tó wá. Ọ̀dọ̀ Jésù lomijé wà. Ṣùgbọ́n mọ èyí pẹ̀lú: irun tó bá pẹ́ jù nínú òtútù, ó ń bọ̀ wá dé ibi tí iná kò ní jí i mọ́. Ìjókòó tó o wà yìí tó. Pa ojú dé, kó o sọ fún Un pé o tutù. Iná ti wà ní títàn.