Agolo Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ilé Ìgbẹ̀bí Ìdí-Emi

Wọn kò jí agolo náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n jí, wọ́n sì fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fura.

Sájẹ́ǹtì Ládòkun, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Ṣakí, da agolo ọ̀hún sórí tábìlì ilé ìgbẹ̀bí abúlé Ìdí-Emi. Hóró oògùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, pupa rúsúrúsú. Ó mú ọ̀kan, ó fi ahọ́n kàn án. Ó kan, ó sì dùn díẹ̀.

"Fọ́líìkì kì í kan báyìí," ni dókítà ti sọ fún un ní Ṣakí láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Fàítámìn Sì lèyí. Àwọ̀ wọn ló jọra. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ló tú àṣírí. Mo bá a níbi tó ti ń lá oògùn ìyá ẹ̀ bíi mìíńtì."

Ìyá ọmọ náà ń jẹ́ Àsíátù, ó lóyún oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ Àtìní ni wọ́n fi mọ́tò gbé e wá láti Ìdí-Emi, ẹ̀jẹ̀ ti tán lójú rẹ̀, kò lè dá dìde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n ń fún àwọn aboyún lọ́dún 1979 yẹn, dúdú kan, pupa rúsúrúsú kan tó ń jẹ́ fọ́líìkì. Dókítà ní dúdú nìkan kò tó, pé àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Oṣù mélòó ni obìnrin yìí ti ń lo ẹyọ kan, tó rò pé méjì lòun ń lò?

Àmúdà, ọkọ Àsíátù, kò dúró béèrè nǹkan kan. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó ní nọ́ọ̀sì Àrínọlá tó ń ṣàkóso ilé ìgbẹ̀bí náà ti ta oògùn ìjọba. Ọ̀gá ọlọ́pàá sì gbà á gbọ́.

"Ládòkun, tí o kò bá mú ẹlòmíràn wá kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, nọ́ọ̀sì yẹn ni kí o mú wá. Kóòtù ló ń lọ tààrà."

Àlàrùbá nìyẹn. Ó ku ọjọ́ méjì péré.

Nọ́ọ̀sì Àrínọlá jókòó síwájú Ládòkun, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó nù ún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ládòkun kò fẹ́ràn ẹni tó ń nu ohun tí kò dọ̀tí.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀, nọ́ọ̀sì?"

"Ọwọ́ mi ni. Àfi tí mo bá fẹ́ gbẹ̀bí. Ìgbà yẹn ni mo máa ń kó o fún Ìyá Àtinúkẹ́, obìnrin tó ń bá wa gbálẹ̀. Òun náà ló ń di oògùn sínú bébà fáwọn aboyún."

"Ta ló ń gbé oògùn wá láti Ṣakí?"

"Ràmọ́nì, awakọ̀ wa."

"Àwọn aboyún ńkọ́? Ṣé wọ́n ń gbà láti lò ó?"

Ó mí kanlẹ̀. "Wọn kì í fẹ́ lò ó. Bí ẹni ń tan ọmọdé ni mo ṣe ń bá wọn sọ ọ́. Mo máa ń ní, 'Ẹ lò ó, ẹ̀jẹ̀ yín á dára, ọmọ á dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú yín, kò ní dààmú yín.' Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń sọ ọ́."

Ládòkun ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yẹ àgádágodo wò, kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Ó ka àwọn ìgò pẹnisílìn, ó pé. Ó ka kòlòróókùn, oògùn ibà, ó pé. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú gan-an. Olè wo ló máa rí pẹnisílìn tí wọ́n ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́ lọ́jà, tó máa fi í sílẹ̀, tó máa wá kó oògùn aboyún? Olè a máa kó nǹkan lọ ni. Èyí ń kó lọ, ó tún ń kó wá. Fàítámìn Sì kì í hù lóko, ẹnì kan ló ń lọ rà á.

Cornelius nìkan ló ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nítòsí. Bó ṣe rí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, kò dúró kí wọ́n bi í léèrè.

"Ẹ yẹ gbogbo ilé wò, ọ̀gá! Mi ò ra oògùn ìjọba rí láyé mi."

"Ṣé mo bi yín bóyá ẹ rà? Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ tà ni. Fàítámìn Sì, agolo ńlá."

 Cornelius fọwọ́ họ orí. "Mẹ́fà. Ọ̀kan lóṣooṣù. Ràmọ́nì awakọ̀ ló ń rà á, ó ní wọ́n rán òun ni."

"Ó sọ ẹni tó rán an?"

"Rárá o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní ẹni tó rán òun ní kóun bèèrè bóyá ó lè pa aboyún lára. Mo ní kò lè pa á lára, pé ó tún ń fún ara lókun."

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Ládòkun bá Ràmọ́nì lábẹ́ mọ́tò tó ń tún ṣe. Ó dúró títí ó fi yọ jáde.

"Agolo mẹ́fà, Ràmọ́nì. Ta ló rán ọ?"

Ràmọ́nì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ mú mi lọ, sà."

"Ṣé ìwọ lo ṣe é ni?"

"Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi Àlùkùránì búra pé mi ò ní dárúkọ onítọ̀hún. Ó ní ilé òun lòun ti fẹ́ lò ó. Ìgbà tí mo gbọ́ ti Àsíátù ni mo mọ̀ pé irọ́ ló pa fún mi, mo sì ti búra."

Ládòkun gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ kó má bàa sá lọ, ó jókòó sábẹ́ igi emi kan, ó rò ó. Nọ́ọ̀sì lè rán Ràmọ́nì. Òun ló ni kọ́kọ́rọ́, òun ló sì mọ àwọ̀ oògùn. Ṣùgbọ́n kí ni nọ́ọ̀sì ń bèèrè lọ́wọ́ Cornelius? Ṣé ẹni tó ti gbẹ̀bí fún ọdún mọ́kànlá kò mọ̀ bóyá Fàítámìn Sì ń pa aboyún lára? Ẹni tó rán Ràmọ́nì kò mọ oògùn. Àánú aboyún sì ń ṣe é.

Ó dìde, ó gba ilé obìnrin tó ń gbálẹ̀ lọ.

Àdìjátù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Àtinúkẹ́, ń po òrí lágbàlá. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń to nǹkan sílẹ̀.

"Àtinúkẹ́, ṣé dáadáa lo wà?" ni Ládòkun wí. Ọmọ náà kò gbójú sókè. Ó tún pè é. Kò dáhùn.

"Ẹ má bínú, sà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kì í dáhùn. Etí ẹ̀ kò di o. Tí òjò bá ń kù bọ̀ láti Ìgbòho, òun ló ń kọ́kọ́ gbọ́. Kò kàn sọ̀rọ̀ rí ni."

Ládòkun lóṣòó. Ìdérí agolo ni ọmọ náà ń tò, wọ́n gún régé. Mẹ́fà ni. Ó mú ọ̀kan, ọmọ náà sì figbe ta. Ó yára dá a padà síbi tó ti mú un, àmọ́ ó ti rí lẹ́tà Sì gàdàgbà tí wọ́n kọ sí i lórí.

"Ìyá Àtinúkẹ́," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ fọwọ́ yín, kí ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ jẹ́ ká lọ bá nọ́ọ̀sì."

Nínú ilé ìgbẹ̀bí, Ládòkun kò jẹ́ kó pẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, Ìyá Àtinúkẹ́ ló pààrọ̀ oògùn yín. Tí ẹ bá wọlé lọ gbẹ̀bí, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ràmọ́nì ló ń bá a ra Fàítámìn Sì."

Àdìjátù kò jiyàn. "Owó òrí mi ni mo fi ń rà á. Inú ṣáláńgá ni mo ń da tiyín sí."

"Kí ni mo ṣe fún yín?" Nọ́ọ̀sì dìde. "Lọ́la ni wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí kóòtù!"

"Ẹ ò rántí? Ẹ̀yin lẹ fún mi ní pupa yẹn, òun nìkan, nígbà tí mo lóyún Àtinúkẹ́. Ẹ ní kí n lò ó, ọmọ á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo lò ó, mi ò fo ọjọ́ kan. Ẹ wò ó, nọ́ọ̀sì. Ó ti dákẹ́! Ọdún mẹ́jọ, kò pè mí ní ìyá rí. Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, mo rí oògùn yẹn, mo sì dá a mọ̀. Mo rí àwọn ìyàwó kéékèèké tí wọ́n tò síwájú yín. Ṣé kí n máa wò wọ́n ni?"

Gíláàsì bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kò mú un nílẹ̀. "Inú oyún ni mo ní lọ́kàn," ló wí. "Kí ọmọ fara balẹ̀ nínú, ohun tí mo ń wí nìyẹn. Oògùn yẹn kì í pa ọmọ lẹ́nu mọ́, Ìyá Àtinúkẹ́. Ire ló ń ṣe fún un. Ohun tó ń mú ọmọ rí báyìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Dókítà pàápàá kò mọ̀ ọ́n."

Àdìjátù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyá ọkọ mi ní mo rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí mo lóyún. Àwọn aládùúgbò ní mo jẹ ohun tí kò yẹ kí n jẹ. Ọkọ mi bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí Àbíjàn, kò padà. Oògùn yìí ló gbà mí lọ́wọ́ gbogbo wọn. Tí kì í bá ṣe oògùn, kí ni mo wá ṣe fún ọmọ mi?"

  Àánú obìnrin náà ṣe Ládòkun, inú sì tún bí i, nítorí lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ṣakí, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ló ń kán sí Àsíátù lára.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ gbọ́ mi? Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún un."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí.  Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ládòkun ní àkókò ti tó kí àwọn máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ta ló máa dúró ti Àtinúkẹ́?" ni Àdìjátù bèèrè.

"Èmi ni," ni nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n tọ́jú."

"Ẹ sọ fún mi, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe é." Nọ́ọ̀sì fa ìwé kan yọ, ó mú bírò.

Àdìjátù fi ìdí ìró nu ojú. "Ẹ má fọwọ́ kàn án lórí. Tí ẹ bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ kúrò níbẹ̀, á jẹ ẹ́. Tó bá ń sunkún, ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ẹ kàn jókòó tì í."

Nọ́ọ̀sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.