Kíréètì Ẹyin àti Ẹkún Ìyàwó

Ọkùnrin kan ló ń bọ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà, òkìtì kíréètì ẹyin ga lórí itan rẹ̀ débi pé irun orí rẹ̀ nìkan ló hàn, kò sì sí ẹyin kan ṣoṣo nínú gbogbo kíréètì náà.

Ọmọlabí dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Ọdún 2006 ni, ní Mòwé, lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, níbi tí eruku kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ lára èèyàn.

"Wò ó, ó tún ti ń kọjá," ló wí fún Àsmá'ù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ránṣọ.

"Ó ń sin adìyẹ ni."

"Ẹni tó ń sin adìyẹ á gbé ẹyin. Òfìfo lèyí máa ń gbé. Kí ló ń fi ṣe?"

"Sáré tẹ̀ lé e kóo bi í. Ojú ẹ kúkú ti bá a lọ."

"Ojú mi ń ṣọ́ ọ ni."

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ọmọlabí kò tíì dàgbà, ó ti ń lo oògùn náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìyá rẹ̀ ló pò ó fún un.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ fi yà sí ṣọ́ọ̀bù, tòun ti rọ́ọ̀gì àlòkù léjìká.

"Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ìwọ̀nyí pọ̀, kó di kọ́tìnì."

"Kọ́tìnì rọ́ọ̀gì? Fèrèsé wo ló máa gbé e?"

"Kì í ṣe fèrèsé. Gbogbo ògiri yàrá ni, kí ohùn inú má baà jáde."

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Ọmọlabí tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí gbérí.

"Yàrá tí ohùn kì í ti í jáde! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹni tó bá wá ké níbẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Orin ni, Mà. Orin la fẹ́ gbà sílẹ̀."

Gbémiga lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ kan ní Ìbàfò tó ń jẹ́ Abẹ́ Ọsàn, nítorí abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni: òun, Sàhéèdì tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti Stella tó ń kọrin. Orin àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ń dá lára lọ́nà tuntun. Wọn kò ní agbátẹrù kankan, ni wọ́n bá ń fọwọ́ ara wọn kọ́ yàrá tí wọn yóò ti ṣe àwo wọn àkọ́kọ́. Kíréètì ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ni yóò máa gbé ariwo mì, kí fèrè tírélà ọ̀nà Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn má baà bá wọn kọrin.

"Kò sí apanirun tí kì í ní orin lẹ́nu," ni Ìyá Ọmọlabí wí.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ fi kọ́tìnì kọ́, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ike òróró àdúrà. Ó ta òróró sí kíréètì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá èṣù wí láti ihò ẹyin kan dé òmíràn. Sàhéèdì, ọmọ Mùsùlùmí, ń ṣe "Àmín, Mà" lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Ọmọlabí. Gbémiga gbọ́ ẹ̀rín náà nínú yàrá tí ohùn kì í ti í jáde, ó sì rí i pé kò jáde lọ́kàn òun náà.

Láti ìgbà yẹn ni bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já.

"Bọ́tìnnì kan náà ló tún já yìí," ni Ọmọlabí wí. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń já a?"

"Ìwọ lo ò rán an gírígírí, ìyàwó mi lọ́la."

"Ìyàwó ta ni? Ẹnu ẹ dùn jù. Ẹnu dídùn ni mo ń sá fún."

"Sá díẹ̀díẹ̀ o, kí n lè bá ẹ."

Ọ̀rọ̀ ẹnu dídùn kì í ṣe àwàdà nílé wọn. Ìsẹ́yìn ni ìdílé wọn ti wá. Lọ́dọ̀ wọn, láti kékeré lọmọbìnrin ti ń kọ́ ẹkún ìyàwó ní ẹyọ ẹyọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ nìkan ló ń sun ún délẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, níwájú ìyá tó bí i. Ìyá Ọmọlabí kò sun tirẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan ló tàn án gba ẹ̀yìnkùlé jáde ní òru láìdágbére, ó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó lóyún. Ìyá tó bí i dárí jì í, ó bá a tọ́ ọmọ, ó sì kọ́ ọmọ-ọmọ ní ẹkún ìyàwó kí ó tó sùn nínú Olúwa. Ọmọlabí ló kù tí yóò san gbèsè omijé yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí máṣíìnì. Kò mọ̀ pé Gbémiga ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Labí," ló wí pẹ̀lú ìyanu, "orin tí a ó fi parí àwo wa nìyẹn. Wá sun ún fún wa."

Máṣíìnì dákẹ́. "Kí n sun ẹkún ìyàwó láàárín kíréètì ẹyin? Ta ló ń gbé mi níyàwó níbẹ̀?"

"Fún àwo lásán ni…"

"Áà! Abájọ tí bọ́tìnnì fi ń já. Èmi lò ń bá rìn, àbí ohùn mi?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀! Ológbò ń bá eku ṣeré, ó ní ìrù ẹ̀ ló wu òun."

Ọmọlabí ju ṣẹ́ẹ̀tì Gbémiga sí i láìrán bọ́tìnnì mọ́ ọn.

"Mo wí i," ni ìyá rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn bó ṣe wí i.

Àsmá'ù tún wá da epo síná: "Wọ́n ní Stella ń kọ́ ẹkún ìyàwó kan o." Ọkàn Ọmọlabí hó bí omi ẹ̀kọ. Gbémiga wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní Ọmọlabí kò sí nílé. Nígbà tó tún wá, Ọmọlabí ti lọ sí Ifọ̀ lóòótọ́, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, láti máa rán aṣọ ilé ìwé.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Ọmọlabí ń ra òwú nítòsí ojú irin ní Ifọ̀, nígbà tí oníbàárà kan ń ṣàròyé lọ́dọ̀ Bùrẹ́ímọ̀ tó ń ta àwo.

"Gba sídì ẹ, ó ti bàjẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ rárá nínú orin tó kẹ́yìn."

"Kò bàjẹ́, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹgbẹ́ Abẹ́ Ọsàn, ní Ìbàfò…"

Ọmọlabí súnmọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí òun fi etí ara òun gbọ́ olè tí wọ́n ja òun. "Ẹ tẹ orin náà fún mi."

Gìtá bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ àgbà gan-an ni, bí ẹni ń rìn bọ̀ láti òkèèrè. Ọmọlabí ń retí ohùn Stella. Stella kò yọjú. Gìtá dákẹ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ń rọra mí, àyè náà sì gùn tó gbólóhùn kan, títí dé ibi tí òun alára máa ń mí sínú kí ó tó pe ìyá. Gìtá wá gbè é, bí ẹgbẹ́ ìyàwó ṣe ń gbe ìyàwó. Ó tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń dúró de ẹnì kan.

"Sàhéèdì oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọn ló kó o wá," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí. "Ó ní ọ̀gá kan fẹ́ gbé àwo náà jáde fún wọn, bí obìnrin tó ń kọrin fún wọn bá lè kọ ọ́ síbẹ̀. Onígìtá wọn kọ̀, ó ní ẹni tó ni ín ò tíì sun ún. Ìyẹn ni wọ́n fi ń fẹsẹ̀ ara wọn kiri tà á."

Ó lè jẹ́ ẹ̀tàn, ni ọkàn Ọmọlabí wí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ Ìbàfò.

Stella ló ṣílẹ̀kùn. "Ìwọ ni Labí? Mo ti bínú sí ẹ, àfi bí ẹni pé o mọ̀ mí! Mo kọ́ nǹkan yẹn títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi bó, Gbémiga ní kí n jáde nínú orin náà. Wọlé, ó wà nínú ilé ẹyin rẹ̀."

Gbémiga dìde. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ló wọ̀, bọ́tìnnì ò sí níbẹ̀.

"O ṣì mú orin ìyá mi àgbà," ni Ọmọlabí wí.

"Mo mú un. Mo jẹ̀bi ìyẹn, foríjì mí. Ọ̀nà nìkan ni mo là sílẹ̀ fún ẹ, mi ò rìn ín."

"Bó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn ni mò ń lọ ńkọ́?"

"Wàá kúnlẹ̀ níwájú Màmá, gìtá á gbè é. Èmi á wà ní Ìbàfò, n ó máa ṣe àmín."

Ọmọlabí wo ojú rẹ̀ títí, ó wá ẹ̀tàn níbẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà. Kò rí.

"Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn wá," ló wí, ó sì fa abẹ́rẹ́ yọ nínú báàgì. "Gírígírí ni mo fẹ́ rán an lọ́tẹ̀ yìí. Bó bá tún já, ìwọ lo já a."

Ó ku Ìyá Ọmọlabí. Gbémiga kó bàbá àti ìyá rẹ̀ wá sí Mòwé, gbogbo wọn sì jókòó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ìyá Ọmọlabí bi Gbémiga.

"Ọ̀nà wo lo máa gbé ọmọ mi gbà?"

"Ẹnu ọ̀nà iwájú ni, Mà. Ní ọ̀sán gangan."

"Àníkẹ́ ni oríkì rẹ̀," ni ìyá wí, ó sì yíjú sí ògiri. "Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ, kó mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Gbémiga kò sí níbẹ̀, nítorí ọkọ kì í gbọ́ ẹkún ìyàwó. Ọmọlabí kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ sídì. Gìtá rìn wọlé, ó dákẹ́, Ọmọlabí sì gbóhùn sókè:

*Ìyá mi, ẹ dá mi lóhùn, Àníkẹ́ wá dágbére.*
*Ojú pópó ni mo gbà, n ò gba ẹ̀yìnkùlé.*
*Ọ̀sán ni mo rìn, n ò fi òru bojú.*
*Ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí, ẹ wúre,*
*kí n má ṣi ilé yà, kí n má ṣi ẹsẹ̀ gbé.*

Gìtá gbè é. Nígbà tí àyè kejì ṣí sílẹ̀, ẹkún gidi ti gba orin lẹ́nu Ọmọlabí. Àyè náà ń lọ lófìfo. Ni ohùn kan tí ó ti há láti ọdún pípẹ́ bá gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ tì í, ó kọjú sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn:

*Ìyá mi, ẹ dá mi lóhùn, èmi náà wá dágbére.*

Ní Ìbàfò, bí wọ́n ti ń fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, Gbémiga bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀.

"Àníkẹ́, ṣé àyè yẹn tó?"

"Ó tó," ni Ọmọlabí wí. "Ó gba ẹni méjì."