Ìwé Tí Wọ́n Fi Wé Àkàrà

"Munirat, ta ló sọ gbogbo èyí fún ọ?"

Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì, olùkọ́ ìtàn, ló béèrè bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì kejì. Ìwádìí ló ti gbé fún wọn: kí oníkálukú mú ẹgbẹ́ kan ní Bàrígà, kó bi ènìyàn méjì bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, kó sì kọ orúkọ àwọn tó bi. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò ka tirẹ̀ fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ ní iléèwé lọ́jọ́ Ẹtì, yóò sì gba ìwé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Ní ọdún 1984 yẹn, tí mílíìkì pàápàá di ohun tí à ń tò lórí ìlà gbà lábẹ́ ojú sọ́jà, ìwé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

"Àgbà méjì ní Ìlàjẹ ni, sà," ni Munirat dáhùn, ó gbé ọrùn sókè bí ìyàwó tuntun. "Mo sì rí ìwé ètò ayẹyẹ ẹgbẹ́ wọn."

Irọ́ ni. Munirat kò dé Ìlàjẹ, àdúgbò àwọn ẹlẹ́ja létí ọ̀sà ní Bàrígà, rárá. Ó ní èéfín ẹja yíyan á ba yúnífọ́ọ̀mù òun jẹ́. Inú ìwé ètò kan tí alákàrà fi wé àkàrà fún un ló ti ka ìtàn Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ Àwọn Ẹlẹ́ja: pé Ìyá Ọlọ́runṣògo, alága wọn, ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun nìkan ṣoṣo. Munirat dà á kọ, ó fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kún un, ó sì hùmọ̀ orúkọ àgbà méjì. Lójú tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ tẹ̀, òótọ́ ni.

"Ó dára. Ìwọ ni wàá kà á lọ́la. Àwọn ẹlẹ́ja náà wà lára àwọn àlejò wa. Mú ìwé ètò yẹn dání kí n rí i."

Ìwé tí epo ti mu! Bí iléèwé ṣe parí, Munirat sáré lọ sí Ṣómólú, sí ilé ìtẹ̀wé tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé náà, láti tọrọ èyí tó mọ́.

Bọ́dúndé atẹ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ mú. "Èyí tí ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká nítorí rẹ̀? Alága ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀! Àwọn yòókù kà á, wọ́n ní àwọn ò gbà, ni mo bá tẹ òmíràn. Mo kó àwọn tó bàjẹ́ fún alákàrà."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la ni mo máa kà á níwájú wọn!"

"Háà! Kí o dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn o, kí o lè tètè sá."

Ẹsẹ̀ Munirat kò dúró títí ó fi dé Ìlàjẹ. Ìyá Sìkírátù, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, ń yí ẹja lórí iná.

"Àwa mẹ́rin la dá a sílẹ̀," ni màmá náà wí. "Ìyá Ọlọ́runṣògo wà níbẹ̀, mi ò purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ òun ló kéré jù, omi mímu la máa ń rán an. Má gba tèmi nìkan o. Lọ bi òun náà."

Nígbà tí Munirat bi í, Ìyá Ọlọ́runṣògo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Mẹ́rin ni wá lóòótọ́," ló sọ níkẹyìn, "ṣùgbọ́n èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ jù."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Munirat kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì, ó na ìwádìí àkọ́kọ́ àti òmíràn tó kọ lóru sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni mo pa. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Àná ni mo tó lọ bi wọ́n."

Olùkọ́ ka ìwé méjèèjì, ó sì fa ti àkọ́kọ́ ya. "Hashim tó ṣe ìkejì ni yóò kà, òun ni yóò gba ẹ̀bùn."

"Ọ̀gá gírámà, ẹ kú ìjókòó o!" Hashim ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń lọ síwájú.

Munirat wo àwọn ẹlẹ́ja tó jókòó, ó wo gèlè Ìyá Ọlọ́runṣògo tí kò jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn ríran. Ó ro bí ì bá ti rí ká ní òun dìde, tí òun ka "òun nìkan ṣoṣo" sí etí Ìyá Sìkírátù. Ó mí kanlẹ̀. Ìwé mẹ́ta ti lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tí olùkọ́ dá ìwádìí rẹ̀ tuntun padà, ohun tó kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ nìyí: "Ìwádìí gidi nìyí. Kí o tó gba ohun tí o kà gbọ́, béèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó ń wá. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá àwọn tó mọ̀."