Èjí Tí Hamdalah Fẹ́ Dí

"Lanu dáadáa, jàre! Ṣé mo fẹ́ gbé ẹ mì ni?"

Àǹtí Sìkírátù ló ń sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń ṣe èékánná fún àwọn ológe ní ibùdókọ̀ Pleasure, ní Èkó. Lórí ìjókòó tí wọ́n ti ń kun èékánná ni Hamdalah fẹ̀yìn tì, tó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń rẹ́ èékánná ló wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó ti fi sípíríìtì nù ún, ó ní ìyẹn náà ti tó.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Hamdalah, ó sì wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ohun tó gbé e débẹ̀ kò ju àlàfo kékeré tó wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ méjì lọ. Èjí ni àwọn àgbà ń pè é, orin ni wọ́n sì fi ń kọ fún ẹni tó bá ní i. Ṣùgbọ́n eyín tó so mọ́ra, tó funfun bí abọ́ tuntun, ni Hamdalah àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan, Aasiyah tí wọ́n jọ ń jókòó pọ̀ ní kíláàsì wò ó lẹ́nu, ó ní, "Hamdalah, géètì tí wọ́n gbàgbé láti tì lèyí o!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Hamdalah náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín.

Wòlímọ́tù rẹ̀ sì ti ń bọ̀. Ó ti parí Kùránì ní ilé kéwú wọn ní Baruwa, wọn yóò sì ya àwòrán rẹ̀ gàdàgbà sára bánà tí wọ́n máa gbé kọ́ síta. Ó ti pinnu pé èjí ò ní bá òun dé orí bánà náà. Nígbà tí Àǹtí Sìkírátù wá sọ pé òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ èèpo tánganran mọ́ eyín, èyí tí àwọn ológe ń pè ní fíníà, tó tún ní ọ̀fẹ́ lòun máa ṣe é kí òun lè fi fídíò rẹ̀ polówó, inú Hamdalah dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Kò sọ fún Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé. Ó mọ̀ pé wọn ò ní gbà.

"Àǹtí, ṣé kò ní dùn mí?"

"Kí ló máa dùn ẹ́ níbẹ̀? Màá kàn ha ojú eyín yẹn díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè mú un ni. Èékánná, eyín, kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Ìyàtọ̀ wà o. Èékánná máa ń hù padà.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó kan eyín ọwọ́ ọ̀tún. Kò pẹ́ rárá tí nǹkan kan fi ta Hamdalah láti erìgì títí dé àtàrí. Ó figbe ta, ó ti ọwọ́ obìnrin náà dànù, ó sì fò dìde.

"Háà! Jókòó jàre, ó ku díẹ̀. O fẹ́ ba fídíò mi jẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mi ò ṣe mọ́."

Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó wo díńgí nílé, kò rí ju pé ojú eyín náà kò dán mọ́. Ó ní òun yọ, ó sì pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí ó ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ dé nínú oòrùn, ó mú omi inú ọ̀rá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì, ó já a, ó fà á mu. Bí omi náà ṣe kan eyín yẹn, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ahọ́n bo eyín náà. Ìyá Àgbà, tó ń ṣa ìrẹsì lórí àpótí, dá ọwọ́ dúró.

"Àwẹ̀ró," oríkì ló fi pè é, "ta ló rẹ́ ọ léyín?"

Hamdalah fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ta ló sọ fún yín, Ìyá Àgbà?"

"Orí tí o yí yẹn ló sọ fún mi. Bí èmi náà ṣe ń yí i nìyẹn kí n tó jáwọ́ nínú omi tútù."

Láti kékeré ni Hamdalah ti mọ̀ pé Ìyá Àgbà kì í mu omi tútù. Nígbà ìṣínu ààwẹ̀ pàápàá, tí òùngbẹ bá ń gbẹ gbogbo ilé, Ìyá Àgbà á bu tirẹ̀ sínú ife, á dúró kí òtútù rẹ̀ lọ. Àṣà àgbàlagbà ni gbogbo wọn kà á sí.

"O rò pé àbímọ́ ni èjí tó wà lẹ́nu mi yìí, àbí?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ lo ti jogún tìrẹ. Èmi lọ pa tèmi ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí kò bá ní èjí, wọn kì í kà á mọ́ arẹwà. Mi ò sọ fún ìyá mi. Mo lọ bá ẹni tó ń pa eyín, ó fi ayùn la eyín mi tó dára. Wọ́n yìn mí, wọ́n yìn mí, wọ́n dákẹ́. Ìrora ẹ̀ ò tíì dákẹ́ dòní." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi wá ẹni tó là á, ìwọ ń wá ẹni tó máa dí i. Ayé mà ń yí o!"

Hamdalah bú sẹ́kún. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun náà yóò fi eyín yìí jẹ̀yà títí di arúgbó.

Ìyá Àgbà mú un lọ bá dókítà eyín ní ilé ìwòsàn kan ní Ìgàndò. Dókítà Ọláníyan yẹ eyín náà wò, ó fi oògùn kùn ún, ó ní ìrora náà máa dínkù, ṣùgbọ́n kí ó máa ṣọ́ra fún ohun tó tutù. Ìfẹ́ fíníà ò sì tíì kúrò lọ́kàn ọmọ náà tán.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bá mi ṣe é ńkọ́, sà?"

Dókítà ò bá a wí. "Fíníà kì í ṣe nǹkan burúkú. Ẹni tí eyín rẹ̀ kán, tàbí tó pàwọ̀ dà tí kò ṣeé fọ̀, ó lè wúlò fún un, tó bá ti dàgbà tán, tí erìgì rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n a sábà máa ń rẹ́ lára ojúlówó eyín ká tó lè lẹ̀ ẹ́, èyí tí a bá sì ti rẹ́ ti lọ nìyẹn. Bí èèpo náà bá gbó, èèyàn á tún padà wá lẹ òmíràn. Ó yẹ kéèyàn mọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Kí ló ń ṣe eyín tìrẹ?"

Hamdalah wá èsì títí. Ọ̀rọ̀ géètì tí Aasiyah sọ nìkan ló rí.

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Lọ́jọ́ wòlímọ́tù, bánà náà wà níta, Hamdalah ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, èjí rẹ̀ sì hàn gbangba. Ó ké Kùránì rẹ̀ dáadáa, bàbá rẹ̀ sì nu ojú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé omi tó tutù nini wá. Aasiyah gbé tirẹ̀ mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Hamdalah àti Ìyá Àgbà gbé ife tiwọn kalẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera.

"Kí lẹ ń dúró dè?" ni Aasiyah bi wọ́n.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ò bo ẹnu ẹnì kankan.

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́ nǹkan kan lára yín nítorí oge, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó máa ń hù padà.