Ẹ̀rín Orí Ọkọ̀ Afẹ́

Ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé dígí dúdú tó wà lójú rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wo òkun tó tẹ́ rẹrẹ níwájú ilé, ó sì fi ìka méjì pa imú.

"Òórùn ẹja yìí ńkọ́?" ló sọ. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́ ni, àbí torí Kérésìmesì lẹ ṣe ṣètò ẹ̀?"

Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá Agogo, rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ pa òwe. Ìyá Agogo ti na ọwọ́ láti bá wọn gba ẹrù. Ó na ọwọ́ náà títí, kò rí ẹni kó ẹrù lé e. Bàbá Agogo kàn fọwọ́ nu ọ̀dà tó wà ní ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o." Agogo nìkan ló bá àlejò rẹ́rìn-ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohùn ọmọ yìí ló fa orúkọ tí wọ́n ń pè é. Bó bá ń kọrin létí èbúté, àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe a dáwọ́ dúró, ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà a ní kí ìjà dúró ná. Àlejò náà ní tiẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú làwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ ní Dígí, nítorí pé dígí dúdú yẹn kì í kúrò lójú rẹ̀, àní bó bá wà nínú yàrá. Ó fi ọdún kan péré ju Agogo lọ, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo ènìyàn, ojú tí à ń fi wo eṣinṣin inú ọbẹ̀ ni.

Àsìkò Kérésìmesì ni etíkun yẹn máa ń dùn jù lọ. Wọ́n á fi iná wíńníwíńní yí gbogbo òpó èbúté ká. Àwọn ọmọdé á fi iyanrìn mọ ilé àti ẹranko, wọ́n á máa du ẹ̀bùn. Bàbá Kérésì á ti orí omi wọlé pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú, àwọn kéékèèké á sì sáré wọ omi dé orúnkún láti pàdé rẹ̀. Agogo mú Dígí káàkiri gbogbo rẹ̀. Àfi bí ẹni ń fi oyin lọ ẹlẹ́nu kíkorò.

"Iná yìí lẹ ń pè níná? Àbẹ́là sàn jù ú lọ."

Nídìí iyanrìn, ó dúró lórí ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kìnnìún tán. "Kí lèyí? Ó jọ ewúrẹ́ tí òjò pa." Ètè ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí Bàbá Kérésì gúnlẹ̀, Dígí ní, "Ẹ gbà mí, ó wọ bàtà òjò!"

Lákọ̀ọ́kọ́, Agogo kàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣùtì bíi tirẹ̀. Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, ó ti ń pa imú nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ẹ wo ọmọ tó mu omi etíkun dàgbà, tó wá ń ṣe bí ẹni pé orí òkè ló ti já bọ́!

Ohun tó gbayì jù nínú gbogbo ayẹyẹ náà ni ọkọ̀ orin. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ẹgbẹ́ akọrin á wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á máa kọrin lọ lẹ́bàá èbúté, àwọn ènìyàn á sì tò sétí omi láti gbọ́. Bàbá Agogo, tó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò lọ sí erékùṣù, ló ń wa ọkọ̀ orin. Lọ́dún yìí, ó kun ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni yóò dá kọ ẹsẹ tó ga jù nínú orin ìkẹyìn. Ìyá rẹ̀, tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì, ti rán ẹ̀wù funfun sílẹ̀ dè é.

"Nínú ọkọ̀ kékeré yẹn?" Dígí béèrè nígbà tó gbọ́. "Kẹ́ ẹ wá máa lanu fún atẹ́gùn? Wò ó, àwọn ọ̀rẹ́ mi wà ní òtẹ́ẹ̀lì. A máa wọ ọkọ̀ afẹ́ ńlá lọ sí erékùṣù, ká lọ wo ilé gogoro tó ń tanná fún àwọn ọkọ̀. Orin máa wà, ijó máa wà. Mo lè mú ẹ lọ. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà ni."

"Sìsí, èmi ni mo máa dá kọ..."

"Máa kọ ọ́ lọ nù-un. Èmi rò pé ojú ẹ ti là díẹ̀ ni."

Gbólóhùn yẹn ló mú un. Nígbà tí ọjọ́ pé, Agogo so ìborùn mọ́ ọrùn, ó lọ sílé Màmá Akọrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ náà lórin. Ó sọ̀rọ̀ bí adìyẹ tí òtútù pa.

"Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí, mà. Ohùn ò jáde."

Màmá Akọrin fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ọ̀nà ọ̀fun, kó o lọ sùn. Orin ò ju ara lọ."

Inú rere yẹn tó láti ti ènìyàn lójú. Agogo tú ìborùn dànù ní ìkóríta, ó sì sáré gba ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì.

Alájà méjì ni ọkọ̀ afẹ́ náà, orin rẹ̀ sì ń dún débi pé ẹyẹ òkun ò lè bà lé e. Inú Agogo dùn títí tó fi gbẹ́sẹ̀ wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ló ń jẹ́. "Bá mi di báàgì yìí mú." "Lọ bá wa gba nǹkan tútù wá." "Ya fọ́tò wa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sún sẹ́yìn." Àwọn ọ̀rẹ́ Dígí jẹ́ méjì: ọmọkùnrin kan tó gé irun rẹ̀ bí ogbe àkùkọ, tí wọ́n torí ẹ̀ ń pè ní Ológbe, àti ọmọbìnrin kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láìmáa wo èékánná ara rẹ̀. Kò sí èyí tó bi Agogo ní orúkọ. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, kò sí ọ̀kan tí ojú rẹ̀ wà; òun ló ń yà á. Síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀ láti erékùṣù. Ọkọ̀ orin yọ lẹ́bàá èbúté, iná yí i ká, àwọn akọrin tò sínú rẹ̀ nínú aṣọ funfun.

"Ẹ wá wo nǹkan!" Ológbe kígbe. "Àgò adìyẹ ló ń léfòó yẹn!"

Ẹ̀rín bú. Dígí yíjú sí Agogo. "Ṣebí o mọ̀ wọ́n? Ìyá tó ń ju ọwọ́ yẹn, báwo ló ṣe máa ń kọrin? Ṣe bíi tiẹ̀ fún wa." Ó ti gbé fóònù sókè.

Agogo wo ọkọ̀ kékeré náà. Ó rí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì. Ó lè ní òun ò ṣe. Kò sí ẹni tó máa jù ú sómi. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbogbo wọn kọjú sí i, ẹni tó bá sì ń tọrọ ojúure jẹ kì í kọ èérún. Ó nà ró, ó ju ọwọ́ bíi Màmá Akọrin, ó sì gbé orin ìkẹyìn náà sókè ní ohùn arúgbó, ohùn tó ń gbọ̀n, tó ń já ní gbogbo ibi tí ti ìyá yẹn ti ń já. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò tó o. Ó tẹ̀ sílẹ̀, ó di ìbàdí mú, ó ń ké "yéè" bíi bàbá rẹ̀ nígbà tó bá ń fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ó mọ̀ dájú pé ẹrù tí bàbá yẹn gbé láti fi rán òun nílé ìwé ló ba ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe é. Àwọn tó ń wò ó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ afẹ́ ti pa orin tirẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ orin. Omi kì í sì í bá ẹnikẹ́ni pa ohùn mọ́. Gbogbo orí tó wà nínú ọkọ̀ kékeré ló yí sókè. Bàbá Agogo náà yíjú, ó sì rí ọmọ tí ọ̀fun ń dùn, tó tẹ̀, tó di ìbàdí mú. Kò na ìka sí i. Ó kàn tún kọjú sí ọ̀nà rẹ̀.

Màmá Akọrin fúnra rẹ̀ ló gba ẹsẹ àdákọ náà. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó sì já, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ dópin. Àwọn ènìyàn etí èbúté pàtẹ́wọ́ fún un títí ọkọ̀ fi kọjá.

Nígbà tí ọkọ̀ afẹ́ gúnlẹ̀, Agogo ló kó báàgì tẹ̀lé wọn. Ọmọbìnrin eléèékánná béèrè pé, "Ta lọkùnrin tó wò wá bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Bàbá ẹ̀ ni," Dígí dáhùn, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá ta? Bàbá ọmọ yìí?" Ọmọbìnrin náà dúró. Ó wo Agogo láti òkè délẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó wò ó rárá. "Bàbá ẹ lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn? Háà."

"Ẹ má mú un dání mọ́ o," ni Ológbe wí. "Ẹni tó lè ta bàbá ẹ̀ nítorí ẹ̀rín, èló ló máa ta àwa?"

Dígí gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ Agogo bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. "Máa lọ sílé yín. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo máa sùn."

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sàn ju ẹni tí wọ́n ń gàn lọ. Àwọn ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, àwọn ló rẹ́rìn-ín, àwọn náà ló tún ń ṣe bí ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n òpònú náà máa ń sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nílé, bàbá rẹ̀ ti wọlé lọ sùn. Ìyá rẹ̀ ń ká ẹ̀wù funfun náà. "Yóò bá ọmọ àbúrò mi mu," ni gbogbo ohun tó sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Kérésìmesì mọ́, fídíò Dígí ti wà lórí fóònù gbogbo ará èbúté. Bí Agogo ṣe ń kọjá lọ, àwọn ọmọdé ń di ìbàdí mú, wọ́n ń ké "yéè" tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Màmá Akọrin.

"Mo gbọ́ ẹ lánàá," ìyá náà ní. "Kò sí irọ́ ńbẹ̀, ohùn mi ń já. Àgbà ló ń já a. Ohùn tìrẹ ò tíì já, ìwọ lo lọ fọwọ́ ara ẹ já a."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Àmọ́ ìdáríjì yàtọ̀ sí ẹsẹ àdákọ. Ìlà ẹ̀yìn ni wàá jókòó sí, wàá máa gbọ́ tí ẹlòmíràn ń kọ ọ́. Dìde, kó o lọ bá bàbá ẹ."

Bàbá rẹ̀ wà nínú omi, ó ń fọ ọkọ̀. Agogo gbé kànrìnkàn, ó wọ inú omi tọ̀ ọ́ lọ tòun ti aṣọ ọdún lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Ẹ̀gàn àwọn ọmọ yẹn ò ṣe mí ní nǹkankan," bàbá rẹ̀ ní, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Wọn ò mọ̀ mí. Ẹni tí kò mọni, tó bá gànni, afẹ́fẹ́ ló fẹ́ kọjá. Ìwọ lo mọ̀ mí."

Agogo bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ó na igbá ìgbọ́nmi sí i. "Gbọ́n tinú ọkọ̀. Àwọn èrò ń bọ̀."

Odindi ọdún ni Agogo fi jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Kò jiyàn, kò sì ṣàìsàn ọ̀fun mọ́. Dígí ní tiẹ̀ padà sílé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó wá a. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́: yíyọ ṣùtì síni kì í ṣe ọ̀làjú, òmùgọ̀ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹgbẹ́ tó bá ní kẹ́ ẹ fi òbí yín ṣẹ̀sín kí wọ́n tó lè gbà yín kò ní gbà yín náà; ẹrù wọn ni wọ́n ń wá ẹni gbé. Ẹni tó bá sì ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.