Orúkọ Tí Mo Fò

Àbùmọ́ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, torí èmi ni mo jẹ̀bi, kò sì sẹ́ni tó ń parọ́ láti ba ara ẹ̀ lórúkọ jẹ́.

Ilẹ̀ Laos wa ò ní òkun. Odò la mọ̀. Àmọ́ lọ́dún kan tí bọ́ǹbù ṣì ń já bọ́ lápá àríwá, ìjọba sé odò wa kí wọ́n lè fi omi ẹ̀ ṣe iná mànàmáná, wọ́n sì ní ká kó kúrò lábúlé. Wọ́n kọ́ ilé onípáànù fún wa lórí òkè.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀mí méjìlélọ́gbọ̀n ló wà lára èèyàn. Tí ìdílé bá ń kó kúrò, àgbà obìnrin ilé á dúró nídìí àkàsọ̀ tí wọ́n fi ń gòkè wọlé, á gbé apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì àti ẹyin dání, á pe ẹ̀mí kálukú lórúkọ pé kó máa bọ̀ nílé tuntun. Ẹ̀mí ẹni tí wọn ò bá pè á dúró sílé àtijọ́. Ìyá wa ti kú. Èmi, Viengkeo, ló kù tó máa pè.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a fẹ́ kó, èmi àti àbúrò mi Khamla jà. Ọmọ ogún ọdún ni, kò fẹ́ kó kúrò. Níwájú gbogbo abúlé ló ti ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ máa gbé nínú òṣùpá, ẹ ó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá páànù wà níbẹ̀!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an. Nígbà tí mo gbé apẹ̀rẹ̀, mo pe bàbá wa. Mo pe ọkọ mi. Mo pe àwọn ọmọ mi. Mo fo Khamla. Mo ní, ṣebí òun ló fẹ́ dúró.

Ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀!

Omi gba abúlé. Ó bo ilé, ó bo igi àgbọn. Lórí òkè, Khamla ò jà mọ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn ń kọjú sí omi láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Sengphet apẹja gòkè wá bá mi.

"Viengkeo, Khamla dà?"

"Ó wà nínú ilé, bàbá."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìrẹsì fún un ni. Kí ló dé?"

"Mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Nísàlẹ̀ omi, níbi tí ilé yín wà. Ó ń béèrè ibi tẹ́ ẹ lọ."

Mo gbé apẹ̀rẹ̀, mo sáré sọ̀kalẹ̀. Oòrùn mú. Atẹ́gùn ò fẹ́. Omi dákẹ́ rọ́rọ́.

"Khamla, máa bọ̀ o! Àbúrò mi, dákun, máa bọ̀ nílé."

Ó dáhùn. Ohùn ẹ̀ gan-an ni. Kò bínú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí ọ̀nà. Omi ti bò ó. Ẹ wá mú mi."

Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ó dé orúnkún mi. Ó dé àyà mi. Mi ò mọ odò wẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo pa dà.

Ó tún pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo di etí mi, mo ń sunkún gòkè lọ.

Khamla jókòó síbi tí mo fi í sí. Omi ń kán láti orí ẹ̀ sórí ẹní. Kò fọwọ́ kan ìrẹsì. Ó gbójú sókè wò mí, ó wá sọ̀rọ̀, fúngbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin.

"Ẹ ò wá."